Superman ti Ọdún 1978: Richard Donner àti Iṣẹ́ tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1978 ni fíìmù Superman kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí, síbẹ̀ àwọn tó wò ó nígbà èwe wọn kò tíì yé padà sídìí rẹ̀, àwọn tí a kò tíì bí nígbà náà sì ń jókòó ti àwọn ọmọ tiwọn láti wò ó. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé fíìmù méjì ni Richard Donner, olùdarí eré náà, ń yà pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé ó ti ya èyí tó pọ̀ jù nínú apá kejì kí wọ́n tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé ọdún 27 kọjá kí aráyé tó rí ohun tí ó ní lọ́kàn. Ìtàn fíìmù yìí kò ṣeé yà kúrò lára ìtàn ìjà lórí ẹni tó ni iṣẹ́. Ìjà náà sì ti pẹ́ kí Donner tó débẹ̀.

Ọmọ ilé-ìwé girama ni Jerry Siegel àti Joe Shuster ní ìlú Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio, nígbà tí wọ́n di ọ̀rẹ́. Ọdún 1914 ni a bí àwọn méjèèjì, ọmọ àwọn Júù tó ṣí kúrò ní ilẹ̀ Yúróòpù sì ni wọ́n. Siegel ní ń kọ ọ̀rọ̀, Shuster ní ń ya àwòrán. Àwọn ni wọ́n ro ọkùnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ayé wa nígbà tí ayé tiwọn fẹ́ parun, ọmọ tí tọkọtaya àgbẹ̀ kan rí he tí wọ́n sì tọ́ dàgbà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí èyí tó máa di DC Comics lẹ́yìnwá ọ̀la gbà á ní 1938, dọ́là 130 ni àwọn méjèèjì gbà, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé pé gbogbo ẹ̀tọ́ lórí Superman ti kúrò lọ́wọ́ wọn. Lọ́dún náà gan-an ni ìwé ìtàn alááwòrán Action Comics kìíní jáde, Superman sì di ohun tí tọmọdé tàgbà ń kà.

Àwọn tó dá a sílẹ̀ gba ilé-ẹjọ́ lọ ní 1947, ẹjọ́ náà kò gbè wọ́n, orúkọ wọn sì kúrò lórí ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1975 tí ìròyìn ń jà ràn-ìn pé wọ́n fẹ́ fi ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là ya Superman, akọ̀wé kékeré ni Siegel níbi iṣẹ́, ojú Shuster sì ti ń ṣókùnkùn débi pé kò lè yàwòrán mọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́: Siegel kọ lẹ́tà gígùn ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn, ó sì ké gbàjarè. Àwọn ayàwòrán bíi Neal Adams àti Jerry Robinson dìde pẹ̀lú wọn. Ní òpin ọdún náà, ilé-iṣẹ́ Warner, tó ti di olówó DC nígbà yẹn, gbà láti máa san 20,000 dọ́là lọ́dọọdún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn títí ọjọ́ ayé wọn, àti láti dá orúkọ wọn padà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá wo ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù 1978 dáadáa yóò fi rí orúkọ Siegel àti Shuster níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dá Superman sílẹ̀. Kò sí òǹwòran tó ń sáré lọ wo ọkùnrin tó ń fò tí yóò dúró lórí ìlà yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jà fún un.

Àwọn tó ra ẹ̀tọ́ láti ya fíìmù náà ní 1974 ni Alexander Salkind àti ọmọ rẹ̀ Ilya, pẹ̀lú Pierre Spengler tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Orúkọ wọn kò ṣàjèjì sí àwọn òṣèré, kì í sì í ṣe nítorí ire nìkan. Wọ́n ti kó àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká òṣèré jọ tẹ́lẹ̀ láti ya The Three Musketeers, tí Richard Lester darí. Àwọn òṣèré rò pé fíìmù kan ni àwọn ń ṣe. Nígbà tí iṣẹ́ parí, àwọn olówó eré pín in sí méjì: ọ̀kan jáde ní 1973, èkejì ní 1974. Owó iṣẹ́ kan ni àwọn òṣèré gbà fún fíìmù méjì, ọ̀rọ̀ sì di ti agbẹjọ́rò. Láti ìgbà náà ni àwọn òṣèré Amẹ́ríkà ti ń rí i pé ìwé àdéhùn wọn sọ iye fíìmù tí wọ́n fẹ́ ṣe ní pàtó. Ní ti Superman, àwọn Salkind kò fi ìyẹn pamọ́ mọ́. Wọ́n kéde láti ìbẹ̀rẹ̀ pé méjì ni àwọn fẹ́ yà lẹ́ẹ̀kan náà.

Mario Puzo, ẹni tó kọ The Godfather, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ìwé eré fún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni David Newman, Leslie ìyàwó rẹ̀, àti Robert Benton tún un kọ. Ìwé náà nípọn bí ìwé atúmọ̀-èdè, àwàdà sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Guy Hamilton, tó ti darí Goldfinger, ni wọ́n kọ́kọ́ yàn gẹ́gẹ́ bí olùdarí. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ kúrò ní Ítálì lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ owó orí kò jẹ́ kí Hamilton lè gbé níbẹ̀ pẹ́. Bí wọ́n ṣe wá Donner kàn nìyẹn, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1977.

Ta ni Donner? Ní àdúgbò Bronx, ní ìlú New York, ni a ti bí i ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1930. Schwartzberg ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Eré ṣíṣe ló kọ́kọ́ wù ú, ṣùgbọ́n Martin Ritt, olùdarí kan tó bá ṣiṣẹ́, sọ fún un pé kò mọ bí a ti ń gba àṣẹ, pé kí ó kúkú lọ máa pa á fún ẹlòmíràn. Ó gba ìmọ̀ràn náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi darí eré orí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí iṣẹ́ ti ń yá kíákíá tí owó sì ń wọ́n. Èyí tí wọ́n rántí jù nínú wọn ni ìtàn kan tó darí fún The Twilight Zone ní 1963, níbi tí William Shatner ti jẹ́ èrò ọkọ̀ òfuurufú tó rí ẹ̀dá abàmì kan lórí ìyẹ́ ọkọ̀ náà, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbà á gbọ́. Ohun tó mú kí ẹ̀rù ba òǹwòran níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀dá náà, nítorí aṣọ onírun lásán ni. Ojú Shatner ni, àti ojú ìyàwó rẹ̀ tó rò pé àìsàn ọpọlọ ọkọ òun ti tún dé.

Ọ̀nà kan náà ni Donner gbà ṣe The Omen ní 1976. Ìtàn aṣojú orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni, tí ọmọ tó ń tọ́ jẹ́ ọmọ èṣù, gẹ́gẹ́ bí ìgbàgbọ́ àwọn Kristẹni. Donner yọ gbogbo iwin àti pátákò ẹsẹ̀ ewúrẹ́ kúrò nínú ìwé eré. Ó fẹ́ kí ikú kọ̀ọ̀kan nínú fíìmù náà jẹ́ èyí tó lè ṣẹlẹ̀ ní ti gidi, bíi jàǹbá, kí òǹwòran fúnra rẹ̀ máa bá ara rẹ̀ jiyàn. Fíìmù náà pa owó gọbọi. Àwọn Salkind pè é, wọ́n sì ṣèlérí mílíọ̀nù kan dọ́là fún un.

Nígbà tí Donner ka ìwé eré Superman, inú bí i. Àpẹẹrẹ tí òun fúnra rẹ̀ máa ń tọ́ka sí lẹ́yìnwá ọ̀la ni ibì kan tí Superman ti ń wá Lex Luthor olórí pípá kiri ìlú, tó fò sọ̀kalẹ̀ gbá olórí pípá kan mú, tí ó sì já sí pé Telly Savalas ni, òṣèré tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀ nínú eré ọlọ́pàá Kojak. Irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá Batman orí tẹlifíṣọ̀n mu, èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1966 sí 1968. Donner ní tirẹ̀ ka Superman sí ọ̀kan lára ìtàn àbáláyé àwọn ará Amẹ́ríkà. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ Tom Mankiewicz, wọ́n tún ìwé náà kọ látòkèdélẹ̀, ó sì so ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó túmọ̀ sí "jíjọ òótọ́" mọ́ ara ògiri kí gbogbo òṣìṣẹ́ lè máa rí i. Kò ní kí ìtàn náà jẹ́ òótọ́. Ó ní kí ó jọ òótọ́ lójú ẹni tó ń gbé inú rẹ̀.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹta 1977. Ẹni bá tún fíìmù náà wò lónìí yóò rí i pé mẹ́ta ni wọ́n dì pọ̀ mọ́ra, àwọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Àkọ́kọ́ ni Krypton, ayé funfun tó tutù bí yìnyín. Aṣọ àwọn ará ibẹ̀ ń tàn yanran, nítorí ohun tí wọ́n fi ń ṣe aṣọ ìwòran tó ń dá iná padà ni wọ́n fi rán an. Níbẹ̀ ni Marlon Brando ti ṣe Jor-El, bàbá ọmọ náà. Ọjọ́ tí kò tó ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ṣiṣẹ́, 3.7 mílíọ̀nù dọ́là ni owó rẹ̀, ó sì tún ní ìpín nínú èrè. Kí òǹkàwé fi ìpín yẹn sọ́kàn.

Apá kejì ni Smallville, oko àgbàdo àti sánmà gbàǹgbà, tí wọ́n yà ní agbègbè Alberta ní Kánádà. Apá yìí ló dára jù nínú gbogbo fíìmù náà. Geoffrey Unsworth, ẹni tó darí kámẹ́rà, jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rọ̀ bí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ nínú àwòrán àtijọ́. Glenn Ford ni bàbá tó tọ́ Clark, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló sì fi wà lójú eré. Ó bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé ìdí kan gbọ́dọ̀ wà tó fi wá sáyé, wọ́n sì jọ ń sáré lọ sílé. Bàbá dúró, ó di apá rẹ̀ mú, ó sì ṣubú. Níbi ìsìnkú, ọmọ tó lágbára ju ọkọ̀ ojú irin lọ ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé gbogbo agbára òun kò gba bàbá òun là. Kò sí ọ̀tá níbẹ̀, kò sí ìjà. Ọ̀pọ̀ fíìmù irú èyí tó ti jáde láti ìgbà náà ní owó tó pọ̀ ju ti Donner lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni wọ́n gbójúgbóyà láti dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Unsworth fúnra rẹ̀ kò rí iṣẹ́ náà kí ó tó kú ní 1978. Òun ni wọ́n ya fíìmù náà sí mímọ́ fún.

Metropolis ni apá kẹta, ariwo ìlú ńlá ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn, tí gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ lé ara wọn lórí. Ibí ni Christopher Reeve ti wọlé. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà tí wọ́n yàn án, òṣèré orí ìtàgé tí kò lókìkí, tó ga ṣùgbọ́n tó tẹ́ẹ́rẹ́. David Prowse, tó wọ aṣọ Darth Vader nínú Star Wars, ni wọ́n ní kó kọ́ ọ bí yóò ṣe ki ara. Ara kíki yẹn wúlò, síbẹ̀ òun kọ́ ló mú Reeve yọrí. Ìran kan wà nílé Lois Lane, lẹ́yìn tí Superman ti gbé e fò tó sì ti dá a padà. Clark wọlé pẹ̀lú awò ojú rẹ̀, èjìká rẹ̀ tẹ̀ wọlé, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Lois kúrò níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Clark yọ awò ojú, ó nà ró, ó sì ga sí i lójú wa láìsí ẹ̀tàn kámẹ́rà kankan. Ojú rẹ̀ yí padà, ohùn rẹ̀ balẹ̀, ó fẹ́ sọ òótọ́ fún un. Àyà rẹ̀ já, ó wọ awò ojú padà, ó sì tún súnkì. Ẹni tó bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní eré orí ìtàgé kò nílò àpẹẹrẹ mìíràn láti fi bí òṣèré ṣe ń fi eegun ẹ̀yìn àti ohùn dá ẹ̀dá-ìtàn méjì hàn wọ́n. Ìbéèrè àtijọ́ pé báwo ni awò ojú lásán ṣe lè bo ènìyàn mọ́lẹ̀ parí síbẹ̀.

Ní ti fífò, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Wọ́n fi okùn onírin gbé Reeve rọ̀, wọ́n lo ère kéékèèké, wọ́n sì lo ẹ̀rọ tí Zoran Perisic, ọmọ ilẹ̀ Yugoslavia, gbé kalẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kò ṣòro láti yé ènìyàn. Wọ́n ń tan àwòrán sánmà sára aṣọ ìwòran lẹ́yìn òṣèré tí kò kúrò lójú kan. Bí awò kámẹ́rà bá ṣe ń fa òṣèré súnmọ́ òǹwòran, bẹ́ẹ̀ ni awò ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán ń yí ní ìwọ̀n kan náà, tí sánmà kò fi ní yí padà rárá. Òṣèré nìkan ló ń tóbi sí i, ojú òǹwòran a sì gbà pé ó ń fò bọ̀ wá bá òun. Ẹgbẹ́ tó ń fúnni ní àmì-ẹ̀yẹ Oscar fún Perisic àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀bùn àkànṣe ní 1979. Àṣírí fífò náà kò sí nínú ẹ̀rọ nìkan ṣá. Reeve mọ bí a ti ń wa ọkọ̀ òfuurufú kékeré, ó sì máa ń kọjú sí ibi tó fẹ́ yà kí ara rẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń gbé lóòótọ́.

Fíìmù náà kò pé ní gbogbo ọ̀nà. Luthor tí Gene Hackman ṣe dùn ún wò, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ rẹ̀ Otis ti inú àwàdà tí Donner sọ pé òun lé jáde wá. Ìparí rẹ̀ náà ń di ìjiyàn títí dòní: Lois kú, Superman fi ìbínú yí ayé po títí àkókò fi padà sẹ́yìn. Bí ènìyàn bá lè dá àná padà, kí ni ikú bàbá ní Smallville wá já mọ́? Apá kejì ni wọ́n ti kọ ìparí yìí sí tẹ́lẹ̀. Wọ́n fà á wá síwájú nítorí wọ́n fẹ́ kí fíìmù àkọ́kọ́ parí pẹ̀lú ariwo ńlá, torí bí ti àkọ́kọ́ kò bá tà, kò ní sí èkejì.

Ní àkókò yẹn, Donner àti àwọn olówó eré kò fojú rere wo ara wọn mọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n rò pé yóò pẹ́ oṣù díẹ̀ gbà ju ọdún kan àtààbọ̀ lọ. Ọ̀ràn owó ń fa ìjà lójoojúmọ́; Donner ní ẹnikẹ́ni kò fi ìwé ètò ìnáwó han òun rí, àwọn Salkind ní ó ń ná owó bí ẹlẹ́dàá. Wọ́n mú Richard Lester wá gẹ́gẹ́ bí alárinà. Lester fúnra rẹ̀ ń bá àwọn Salkind fa owó tó kù fún un lórí Musketeers. Nígbà tó yá, wọ́n dá yíya apá kejì dúró kí wọ́n lè parí ti àkọ́kọ́. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin apá kejì ló ti wà nílẹ̀.

Superman jáde, ó sì gba ayé kan. Nǹkan bí 300 mílíọ̀nù dọ́là ló wọlé káàkiri àgbáyé. Èèyàn ìbá rò pé ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa sáré wá pè padà. Ní 1979 ni wọ́n sọ fún Donner pé wọn kò nílò rẹ̀ mọ́, Lester ni yóò parí apá kejì. Pàṣán tí a fi na ìyáálé, ó ń bẹ lórí àjà fún ìyàwó. Mankiewicz kọ̀ láti bá wọn ṣe é láìsí Donner. Hackman kò padà wá; ẹlòmíràn tó jọ ọ́ látẹ̀yìn ni wọ́n lò níbi tí àwòrán rẹ̀ kò tó. Stuart Baird tó ń gé àwòrán lọ, John Williams tó kọ orin náà kò sí níbẹ̀. Margot Kidder, tó ṣe Lois, sọ èrò rẹ̀ láì fi bọpo bọyọ̀. Nígbà tí Superman kẹta jáde ní 1983, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi han Lois nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Brando ló dun ìtàn náà jù. Ó ti ya ìran tirẹ̀ fún apá kejì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lò ó, ìpín èrè rẹ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn Salkind yọ ọ́, wọ́n sì fi Susannah York, tó ṣe ìyá, rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe ojú kan lásán ni wọ́n fi pààrọ̀ òmíràn. Nínú ìwé eré Donner, ọmọ kọ agbára rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìfẹ́ obìnrin, ó kábàámọ̀, ó padà wá bẹ bàbá, ẹ̀mí bàbá tó ti kú sì lo gbogbo ìwọ̀nba agbára tó kù fún un láti fi jí ọmọ rẹ̀ dìde, lẹ́yìn èyí tí ọmọ kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ láé. Nínú fíìmù tí Lester parí, Clark rí òkúta dígí kan nílẹ̀, nígbà tí a ó tún fi rí i, agbára rẹ̀ ti padà. Nítorí owó, okùn tó so fíìmù méjèèjì pọ̀ já. Ó yẹ kí a fún Lester ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ náà: fíìmù rẹ̀, tó dé Amẹ́ríkà ní 1981, yá, ó ń pani lẹ́rìn-ín, àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ sì wà tó fẹ́ràn rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Donner kò jókòó sunkún. Iṣẹ́ tó ṣe tẹ̀ lé e ni Inside Moves ní 1980, fíìmù kékeré nípa ọkùnrin kan tó fò láti òkè ilé gíga kí ó lè kú, tó yè é, tó di arọ, tó sì rí ọ̀rẹ́ láàárín àwọn aláàbọ̀ ara mìíràn nílé ọtí kan. Lẹ́yìn ọkùnrin tó ń fò, ó ya ọkùnrin tó já bọ́. Òkìkí rẹ̀ kò kàn, ó sì yẹ kí ó kàn. Ní 1985, méjì jáde. Ọ̀kan ni Ladyhawke, ìtàn olólùfẹ́ méjì tí ègún mú, tí obìnrin ń di àṣá lọ́sàn-án tí ọkùnrin ń di ìkookò lóru. Nídìí iṣẹ́ náà ni Donner ti pàdé Lauren Shuler tó fi ṣaya ní 1986. Èkejì ni The Goonies, nípa àwọn ọmọdé tí wọ́n fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ òbí wọn, tí wọ́n sì wá ìṣúra ajàlèlókun lọ. Donner kò jẹ́ kí àwọn ọmọ náà fojú kan ọkọ̀ ojú omi ńlá tí wọ́n kàn sínú sítúdíò títí di ọjọ́ tí kámẹ́rà ń yí, kí ìyanu ojú wọn lè jẹ́ ojúlówó. Jíjọ òótọ́ náà ni.

Lethal Weapon ti 1987 náà mú owó púpọ̀ wọlé. Mel Gibson àti Danny Glover ni ọlọ́pàá méjì náà, funfun kan, dúdú kan, ìdílé ọlọ́pàá dúdú sì ni ilé tí ìtàn náà fẹ̀yìn tì. Apá kejì rẹ̀ ní 1989 ló kan Áfíríkà gbọ̀ngbọ̀n: àwọn aṣojú ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa ni ọ̀daràn inú rẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹ̀tọ́ aṣojú bo ìwà ibi wọn mọ́lẹ̀. Ìran kan wà tí Glover ti rìn wọ ọ́fíìsì wọn, tó ní òun fẹ́ kó lọ sí orílẹ̀-èdè wọn, tí ẹnu sì ya akọ̀wé tó ń wo àwọ̀ rẹ̀. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n Nelson Mandela ṣì wà lẹ́wọ̀n nígbà tí àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín sí i, Glover fúnra rẹ̀ sì ti ṣe Mandela nínú fíìmù tẹlifíṣọ̀n kan ní 1987. Àwọn yòókù nínú iṣẹ́ rẹ̀ kò rí bákan náà. The Toy ti 1982, níbi tí ọlọ́rọ̀ funfun ti ra Richard Pryor fún ọmọ rẹ̀ bí ohun ìṣeré, kò ṣeé gbà mọ́ lẹ́nu lónìí.

Ọ̀kan kù tí kò yẹ kí ẹni tó ń tẹ̀ lé ìtàn yìí fò. Ní 1992 ni Radio Flyer jáde, nípa ọmọdé méjì tí ọkọ ìyá wọn ń fìyà jẹ, tí wọ́n ń gbìyànjú láti sọ ọkọ̀ ìṣeré wọn di ọkọ̀ òfuurufú. David Mickey Evans ló kọ ọ́, òun náà ló ń darí rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún Donner, ó sì gbà á. Nínú iṣẹ́ fíìmù Amẹ́ríkà, olówó ló ni iṣẹ́, ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lánàá lè jẹ́ ẹni tí wọ́n ń gbé e fún lónìí.

Àwọn tó fẹ́ràn Superman kò gbàgbé àwòrán tí Donner yà. Íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi kó ara wọn jọ, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí Warner lọ́dọọdún. Nígbà tí Brando kú ní 2004, ilé-iṣẹ́ náà bá àwọn tó ń bójú tó dúkìá rẹ̀ ṣe àdéhùn kí wọ́n lè lo ohùn àti ojú rẹ̀ nínú Superman Returns ti 2006, ilẹ̀kùn sì ṣí. Michael Thau ló lọ tú àwọn àwòrán tí wọ́n ti kó pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tó sì tò wọ́n pẹ̀lú ìtọ́sọ́nà Donner. Ní oṣù Kọkànlá 2006, ẹ̀dà Donner jáde lórí DVD. Lọ́dún kan náà ni Donner bẹ̀rẹ̀ sí í bá Geoff Johns, tó ti jẹ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rí, kọ ìtàn Superman fún Action Comics, ìwé tí Siegel àti Shuster bẹ̀rẹ̀ ní 1938. Siegel ti kú ní 1996, Shuster ní 1992. Ọmọ iṣẹ́ mìíràn láti ilé-iṣẹ́ Donner àti ìyàwó rẹ̀, Kevin Feige, ló di olórí Marvel Studios, ó sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé fíìmù 1978 ni àwọn ń wò fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ní 2017, ilé-ìkàwé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi Superman àti The Goonies pa pọ̀ sínú àwọn fíìmù tí wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú títí láé. Donner kú ní ọjọ́ 5 oṣù Keje 2021, ní ẹni ọdún 91.

Ẹ̀dà 2006 kì í ṣe fíìmù tó parí. Ìparí yíyí ayé po tún padà wá nínú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ sí tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá sì wo méjèèjì tẹ̀ léra yóò rí ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ya ẹ̀dà náà sí mímọ́ fún Reeve, tí jàǹbá ẹṣin sọ di arọ ní 1995 tó sì kú ní 2004. Ìran kan wà nínú rẹ̀ tí Donner kò rí àyè yà kí wọ́n tó lé e: Lois yin ìbọn sí Clark ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì láti fi mọ̀ bóyá òun ni Superman. Thau kò ní àwòrán mìíràn fún un ju èyí tí wọ́n yà ní ọjọ́ tí wọ́n ń dán Reeve àti Kidder wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí iṣẹ́ kankan tó bẹ̀rẹ̀. Ó so wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀. Irun Clark kò bára mu láti àwòrán kan sí èkejì. Ní ìṣẹ́jú kan ó ti ki, ní ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé e ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì gbé irin rí, tó ń retí bóyá wọn yóò gbà á síṣẹ́.